Omi Ògì fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí arúgbó bíi tèmi máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ti ń fi ọjà ẹnubodè fọ́nnu sí mi láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń wo owó oṣù tíṣà bí ẹni wo oúnjẹ adìyẹ, mo ní kí wọ́n wá wò ó báyìí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìlaròó, mo tan rédíò, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì ní ojú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tí mo ní lọ́kàn. Òun ni mo tilẹ̀ ní lọ́kàn jù.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí lórí fóònù láti òdìkejì, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, níbi tó ti lọ́kọ sí. Òun ló máa ń kọjá wá sí Eggua tẹ́lẹ̀ láti wá wo ìyá rẹ̀, a fọ aṣọ, a se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un, a sì padà.

Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ mú màmá mi sọ́dọ̀ yín. Mo gba inú igbó wá lánàá, sójà lé wa. Bàtà mi kan ṣì wà nínú irà níbẹ̀."

Mo ní, "Àwọn ará ilé yín ní Eggua ńkọ́?"

"Wọ́n ní agbára àwọn kò ká a mọ́. Wọ́n ní ó gbé ìkòkò kaná, kò bu omi sí i, ó jáde lọ sọ́jà. Wọ́n ní ó ń ṣarán."

Mo ní màá lọ mú un. Ó bú sẹ́kún lórí fóònù, ó ń gbàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run máa san mí lẹ́san ìfẹ́ tí mo ní sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo jẹ́ kó gbàdúrà rẹ̀ tán. Kì í ṣe ìfẹ́ ló ń gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ti lè jáde, mo sì gbọ́dọ̀ gbà á kí arán tó gbé e lọ.

Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, tí mò ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Nígbà tí mo fi máa gbé àpótí mi wọlé ní Eggua, símẹ́ńtì ti gbẹ lórí ibojì nínú àgbàlá wa. Mo wó lulẹ̀, mo ń sunkún. Àwọn ẹbí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàwó ilé kan ló dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹkún kí nìyẹn? Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ lo ní ìdánwò ò jẹ́ kí o ráyè." Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, torí pé òun ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó ránṣẹ́. Ó ń fọ abọ́. Kò gbójú sókè.

Ẹni tí wọ́n ní ó jíṣẹ́ fún mi jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan. Ó ti kú sójú ọ̀nà kí n tó rí i bi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di Tíṣà tí kò wá sin ìyá rẹ̀. Bí ìpàdé ẹbí bá wà, wọ́n á jẹ́ kí n dá owó, ṣùgbọ́n wọn kì í ní kí n gbàdúrà. Bí ọmọbìnrin kan nínú ẹbí bá ń fojú di ìyá rẹ̀, èmi ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ọn: "Ṣé o fẹ́ dà bíi Tíṣà ni?"

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti tú ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí wọn yóò sin mí sí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo fẹ́. Mo lọ bá olórí ẹbí wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ń fi igi tayín.

Ó ní, "Tíṣà, o kò ráyè wá nígbà tí à ń sin ín. Báwo lo ṣe wá ráyè láti sùn tì í?"

Mo ní wọn kò ránṣẹ́ sí mi.

"Ó ti tó ọdún mélòó tó o ti ń sọ bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, èmi fúnra mi á fi ibẹ̀ hàn ọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Ìlaròó."

Ohun tí mo lọ mú ní Eggua nìyẹn.

Ọkọ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n ti ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè má ta epo mọ́. Ọjà-Ọ̀dàn tí a gbà kọjá dá bí ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí mo mú ẹ̀gbọ́n mi, tí à ń padà bọ̀, ó wọ aṣọ méjì lé ara wọn, ó gbé báàgì kan mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kí n bá a gbé e. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn sójà gbé igi dínà, ó gbé báàgì náà sábẹ́, ó jókòó lé e, ó sì tún ìró rẹ̀ ró sókè dé abẹ́ ọmú.

Sójà ní, "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, a fẹ́ wo báàgì yín."

Ó ní, "Mo lóyún."

Sójà wo irun funfun orí rẹ̀, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Màmá, oyún oṣù mélòó?"

"Lọ bi bàbá ẹ, òun ló fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìbọn fi ń mì lọ́rùn wọn. Èmi fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ẹni tí kò rántí bu omi sínú ìkòkò, kò gbàgbé ìkankan nínú ọgbọ́n àwọn tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè. Wọ́n fi ẹ̀rín gba báàgì náà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀. Kápúsù ló kún un, olórí pupa tó ní ìdí yẹ́lò, páálí lórí páálí. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ó sunkún dé Ìlaròó bí ọmọ tí wọ́n gba ọmọláńgidi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ kápúsù yẹn. Láti ìgbà tó ti ń ṣòwò aṣọ àti òògùn ní ẹnubodè ló ti ń gbé e mì. Gbogbo àwọn oníṣòwò ẹnubodè ìgbà tiwọn ló ń ṣe é: bí wọ́n bá mu omi ìlú kejì, wọ́n á lo méjì kí inú má bàa rú. Bí inú bá kùn, méjì. Bí inú kò kùn, wọ́n á lo ọ̀kan kó má bàa kùn. Wọ́n ní àwọn ń fọ inú.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà náà, ó kúnlẹ̀ kí wa kó tó jókòó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè púpọ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àrùn ìgbàgbé ni. Ó wá béèrè nípa oúnjẹ àti ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ ti kápúsù fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, inú ìfun gbogbo wa kún fún kòkòrò àìfojúrí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ló ń bá wa da oúnjẹ tí àwa kò lè dá dà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, iṣan kan sì wà láti ìfun lọ sí ọpọlọ, tí ìfun àti ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kápúsù yẹn ń pa rere, ó ń pa búburú."

Mo ní, "Ṣé òun ló wá fa ìgbàgbé?"

"N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí rí i pé ìfun àwọn tó ní àrùn yìí kì í sábà rí bíi ti àwọn tí kò ní in. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n dájú. Ó lè jẹ́ ìfun ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí iyè ń ra ni wọn kò jẹun bó ṣe yẹ mọ́, tí ìfun fi yí padà."

Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ilé ìwé pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń pa ènìyàn. Mo ya wọ́n sára pátákó pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti eyín. Mo na ọmọ tí kò bá fọwọ́ kó tó jẹun. Mo jókòó níwájú dókítà yẹn, mo ń gbọ́ pé wọ́n ń gbé inú mi, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ má fún un ní kápúsù láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso. Oúnjẹ kíkan wa náà dára, bí omi orí ògì. Àwọn kòkòrò tó ń mú un kan wà láàyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá, kí n má parọ́ fún yín, n kò ṣèlérí. Ohun tó ti lọ lè má padà."

N kò nílò kí gbogbo rẹ̀ padà. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Ìyẹn ni n kò sọ fún dókítà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ògì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lọ́jà. Mo rẹ àgbàdo funfun, mo gbé e lọ lọ̀, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tòrò, mo sì ń da omi kíkan orí rẹ̀ sínú ife fún un láàárọ̀. Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, ó bi mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Mo ní, "Mo ń kọ́kọ́ sè é ni. Mo ń jẹ́ kó hó dáadáa. Mo sì ń fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ kó tó mu ún."

Ó bo ẹnu. "Ìyá, ẹ ti se gbogbo wọn jinná!"

Ẹ̀gbọ́n mi náà bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ó mọ ohun tí à ń sọ. "Tíṣà ni," ló wí fún dókítà. "Ó lè fi ọṣẹ fọ iyọ̀." Láti ìgbà tí mo ti mú un dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Mo bínú, ọkàn mi sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà ní kí n se omi tí màá fi rẹ àgbàdo, kí n jẹ́ kó tutù, ṣùgbọ́n kí n má gbé omi ògì fúnra rẹ̀ kaná mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ tó ti máa ń wú, tó sì máa ń gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń sùn dáadáa. Ó wá ń ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀, tí ó máa ń bi mí léèrè ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ bóyá omi ògì ni, tàbí àìsí kápúsù, tàbí pé ẹnì kan wà tó ń fún un ní oúnjẹ lásìkò. Ọjọ́ míì ẹ̀wẹ̀, yóò bi mí pé ta ló gbé mi wá sílé òun.

Àwọn ọmọ mi ń pè lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á ní mo ń ṣe dáadáa, kí n máa tọ́jú ara. Bí wọ́n bá ti gé e, ilé á tún dákẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn méjì wà nínú yàrá kan kí ó jẹ́ pé ẹnì kan péré ló wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ àtijọ́, èmi ni màá dá ara mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn ènìyàn díẹ̀ tó kù láyé tó mọ ohùn ìyá mi, n kò sì rí i bá sọ ọ́.

Ní àárọ̀ kan tí ojú rẹ̀ mọ́, tó mọ̀ mí, tó sì mọ ọjọ́, mo pe Bàbá lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀. Ó dé lọ́sàn-án, ó ń ráhùn nípa owó ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i, ó kì í ní oríkì ìdílé wa láìfo ọ̀kan. Bàbá ń mi orí bí aláǹgbá. Mo ní, ó ti yá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún Bàbá. Ọjọ́ tí ìyá wa kú, ṣé ẹ ránṣẹ́ sí mi?"

Ó wò mí, ó wo Bàbá. "Èwo ni sí ọ? Tíṣà ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Tíṣà wà ní Abẹ́òkúta, ó ń ṣe ìdánwò."

Bàbá gba ọ̀pá rẹ̀ mú. "Ó sọ ọ́ náà nìyẹn," ló wí. "Ṣé o gbọ́? Ìdánwò." Ó mu omi, ó sì lọ. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà torí pé wọ́n kọ́ mi nílé.

N kò fún ẹ̀gbọ́n mi ní omi ògì lọ́jọ́ kejì. Mo dà á sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo tún bù ú fún un, nítorí pé ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, n kò sì mọ ohun mìíràn tí mo lè fi àárọ̀ ṣe.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí, mo ya ẹsẹ̀ sí abọ́, mo so ìró mọ́ àyà, mo fi gèlè àtijọ́ kan wé orí nítorí oòrùn, mò ń sẹ́ ògì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá láti inú ilé. Ó dúró. Ó wá rọra kúnlẹ̀ síbi tí omi ògì ti ń ta sílẹ̀.

Ó ní, "Màámi."

Mo mọ ẹni tó ń pè.

"Màámi, ẹ má bínú. N kò ránṣẹ́ sí i."

Ọwọ́ mi dúró nínú abọ́. Mo ní, "Sí ta ni?"

"Sí àbúrò mi. Ẹ ní kí n pè é. N kò pè é. Bó bá dé báyìí, gbogbo yín á máa wo ẹnu rẹ̀, ẹ ó máa ní Tíṣà dé, Tíṣà dé. Èmi ni mò ń da ìgbọ̀nsẹ̀ yín nù. Èmi ni mò ń gbé yín wẹ̀."

"Ta ló wá sọ pé wọ́n pè é tí kò wá?"

"Èmi ni."

Mo wo àyíká. Adìyẹ aládùúgbò nìkan ló wà níbẹ̀. Fóònù mi wà nínú ilé. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi ti jáde, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, èmi tó sì gbọ́ ọ, kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún. Mo rò pé inú mi máa dùn. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un lọ́jọ́ náà sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni. Kò sí èyí tó ṣeé sọ láti ẹnu ìyá wa.

Mo ní, "Lọ ránṣẹ́ sí i nísinsìnyí."

Ó dìde. Ó nu orúnkún rẹ̀, ó wọlé lọ wé gèlè, ó sì gba iwájú ilé jáde lọ sí ẹnu géètì. Nígbà tí mo fi máa bá a níbẹ̀, ó ti dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Ọmọ mi, ṣé Abẹ́òkúta lò ń lọ? Bá mi dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Sọ fún àbúrò mi pé kó máa bọ̀. Sọ fún un pé Màámi ń kú lọ."

Ọlọ́kadà wo ojú mi, mo sì mi orí fún un. Ó ní, "Màá jíṣẹ́, Màmá." Ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe é, bí oòrùn bá ti rọ̀. Ó ń rán àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ń rán àwọn tó ń ti oko bọ̀. Adúgbò ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń dáhùn pé àwọn á jíṣẹ́. Mo pe Bàbá, mo ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní bó bá ṣe pé wèrè ni ẹbí yóò máa fi ṣe ẹ̀rí, kí àwọn kúkú lọ sọ́jà lọ kó wọn jọ. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n ra ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó bá jẹ́ ará ilé wa, tó sì lè kàwé, kà á.

Ẹnubodè ṣì wà ní títì. Lánàá mo lọ bá a lẹ́nu géètì nítorí òjò ń bọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wọlé. Wọ́n ti jíṣẹ́ fún mi. Mo ti dé."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin, Màmá. Ọmọdé ni."